Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn tó ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aládàáni: ọ̀rọ̀ téèpù tó wà nínú yàrá yín

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, àti ẹ̀yin ọmọ tí iléeṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn àwọn òbí yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí sí yín ni, a ò kọ ọ́ sí ìjọba, torí ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ yàrá téèpù wà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: ẹ ṣí yàrá yẹn, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lọ́dún yìí. Títún ẹ̀rọ téèpù ṣe àti yíyọ àwòrán lára téèpù àtijọ́ niṣẹ́ wa. A mọ ohun tó ń pa téèpù, a sì mọ̀ pé kì í kéde kó tó kú.

Ìtàn tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ìwé ti gbà á sílẹ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ pé WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà? (Tẹlifíṣọ̀n ti dé Morocco ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Ohun tó fa á náà wà nínú ìwé: ní 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì, wọ́n ní rárá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́ra, tí òfin nọ́ńbà 24 ti ọdún 1977 sì sọ wọ́n di NTA. Òfin ilẹ̀wa ti 1979 wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìpínlẹ̀, Jákáńdè sì dá tẹlifíṣọ̀n Èkó sílẹ̀ ní 1980. Ìjọba ni gbogbo wọn ṣì jẹ́. Ẹni tí kò sí nínú ìjọba kò rí ọ̀nà gbà títí di 1992, nígbà tí òfin nọ́ńbà 38 dá àjọ NBC sílẹ̀ láti máa fún aládàáni níwèé àṣẹ. Láti 1959 sí 1992, ọdún 33 ni kó tó kan yín.

Ní 1993 ni ìwé àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Galaxy bọ́ sójú afẹ́fẹ́ ní Ìbàdàn ní 1994, Channels tẹ̀ lé e ní Èkó ní 1995 lórí ìkànnì UHF 39, AIT dé ní 1996, àwọn mìíràn náà sì tò tẹ̀ lé wọn. Ìtàn tiyín yìí kò sí nínú ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ara téèpù ló wà, ìgbà tó sì le jù ni wọ́n gbà á sílẹ̀: ikú Abacha lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1998, ti Abíọ́lá lọ́jọ́ 7 oṣù Keje ọdún kan náà, bí àwọn ológun ṣe gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, bọ́ǹbù tó bú ní Ìkẹjà lọ́jọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002. Kì í ṣe ètò tí ẹ tò dáadáa ni a ń wá jù níbẹ̀ o. Téèpù tí kámẹ́rà kó wálé láìtíì gé ni: bí ọjà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, iye tí wọ́n ń ta epo tí wọ́n kọ sára pátákó, ohùn akọ̀ròyìn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá oníṣòwò ní èdè Ìjẹ̀bú. Ìpolówó náà wà níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ti ilé ìtẹ̀wé, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ tó sanwó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó kù sì kéré sí èyí tí ẹ yà, torí téèpù wọ́n nígbà náà, ìròyìn tòní ni wọ́n ń gbà lé tàná lórí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú téèpù tí ẹ ní. U-matic ni kásẹ́ẹ̀tì tó tóbi tó ìwé àkàgbádùn, tí okùn inú rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Sony ló gbé e jáde ní 1971. Tí ẹ bá rí KCA-60 lára rẹ̀, ìṣẹ́jú 60 ni. KCS-20 ni kékeré tí àwọn akọ̀ròyìn ń gbé jáde, ìṣẹ́jú 20. Betacam SP jáde ní 1986, okùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì: BCT-30M ni kékeré oníṣẹ̀ẹ́jú 30, BCT-90ML ni ńlá oníṣẹ̀ẹ́jú 90. VHS, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. DVCAM àti MiniDV ló dé kẹ́yìn, àwọn tó kéré jù tí okùn wọn tín-ín-rín.

U-matic ni kí ẹ fi ṣáájú. Òun ló dàgbà jù, òun ni ẹ̀rọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù, òun sì ni lẹ́ẹ̀mù inú rẹ̀, gúlù tó di àwòrán mọ́ okùn, máa ń tètè bàjẹ́ jù. DV (DVCAM àti MiniDV) ló yẹ kó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ dà bíi pé òun ló tuntun jù. Ìdí ni pé téèpù onídíjítà kì í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ bíi ti àtijọ́: lónìí ó ń ṣiṣẹ́ kedere, lọ́la àwòrán á já sí àkámọ́-àkámọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè tún tò. Wáyà tí wọ́n ń pè ní FireWire ni ẹ ó fi dà á sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà gan-an, wákàtí kan kò sì ju gígábáìtì 13 lọ. Betacam le díẹ̀, ó lè dúró dè yín. Ṣùgbọ́n kò lè dúró pẹ́: Sony ti dáwọ́ títa téèpù Betacam dúró, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2016, Funai tó ṣẹ́kù tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS náà ti fi í sílẹ̀. Ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè Australia ti kìlọ̀ láti 2015 pé téèpù tí wọn ò bá dà kọ kó tó di 2025, ó ṣeé ṣe kó lọ títí láé. Ilé tó ní ẹ́síì tí kì í kú ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ wo yàrá tiyín.

Kí ẹnikẹ́ni tó ti téèpù kan bọ inú ẹ̀rọ, ẹ dènà kí ẹ̀rọ má lè kọ nǹkan lé e. Bọ́tìnnì pupa kan wà lábẹ́ U-matic, ẹ yọ ọ́. Ti Betacam, ẹ tẹ pupa yẹn wọlé. Ti VHS, ẹ ṣẹ́ ike kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò ó, ìka kan tó ṣèèṣì bọ́ sórí bọ́tìnnì tó ń gba àwòrán ti tó láti pa ìròyìn 1998 rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti páálí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mù ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti gbẹ, ó ń já bọ́, tí ó bá ti bọ́ sílẹ̀, ta ló fẹ́ mọ ti ẹni tó jẹ́? Ẹ fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bíi UM-0001 tàbí BC-0001, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí ìwé tuntun, kí ẹ wá ṣí ìwé ìṣirò kan lórí kọ̀ǹpútà tí nọ́ńbà, irú téèpù, ohun tí wọ́n kọ sí i, déètì, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ má gba ohun tí páálí ń sọ gbọ́ pátápátá. Téèpù àti páálí máa ń ṣe pàṣípààrọ̀, pàápàá láàárín ọ̀fíìsì ìròyìn àti yàrá ìgbéjáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń pa á. Okùn téèpù jẹ́ ike, ìyẹ̀fun mágínẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi lẹ́ẹ̀mù pò tí wọ́n fi kun ún lójú. Lẹ́ẹ̀mù yẹn ló ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀rinrin ò jìnnà sí 80% nínú ọ̀pọ̀ oṣù, yàrá tí kò sí iná fún un kò sì dáa ju ìta lọ. Tí lẹ́ẹ̀mù bá ti mu omi yó, á rọ̀, á máa lẹ̀. Tí ẹ bá tẹ téèpù bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ igbe tó ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò lépo, àwòrán á kún fún ìlà funfun wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà á pòórá. Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ rí lára orí ẹ̀rọ (ibi tó ń ka téèpù), ara àwòrán yín ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ má tún un tẹ̀, ẹ má yára yí i padà sẹ́yìn, torí yíyí náà á fà á ya.

Yíyan ni wọ́n ń yan irú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú èso gbẹ tí ooru rẹ̀ ṣeé ṣètò ló dáa jù fún ẹni tí kò ní ti ilé ìwádìí. Ẹ yọ páálí kúrò, ẹ to kásẹ́ẹ̀tì kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, ẹ fi tẹ̀mómítà tiyín sínú rẹ̀ kí ẹ má gba ti ẹ̀rọ gbọ́, kí ooru wà láàárín 50 sí 54 dígírì Celsius, fún wákàtí 8 sí 24 bí okùn bá ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ yí wọn padà lẹ́ẹ̀kan láàárín. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ike á tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ fún iye wákàtí kan náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àǹfààní rẹ̀ ń wà kí lẹ́ẹ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ sí í mumi padà, nítorí náà ẹ má yan ju èyí tí ẹ lè dà kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má yan èyí tí kò lẹ̀. Ẹ má yan MiniDV. Máíkírówéèfù? Ẹ má tilẹ̀ dá a lábàá.

Tí ohun funfun tàbí eérú bá wà lára okùn nígbà tí ẹ wò ó láti ojú fèrèsé kásẹ́ẹ̀tì, ó ti bu nìyẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá tí kò dí ẹnu pa, ẹ bo imú yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e sí ibi tí ọ̀rinrin ti lọ sílẹ̀ ju 50% lọ títí èébu yẹn fi máa gbẹ di lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ tó fi fákúùmù tó ní àsẹ́ HEPA, èyí tó ń mú eruku wẹ́wẹ́, fà á kúrò. Ẹ má ti téèpù tó bu bọ ẹ̀rọ kankan láìnù ún: orí ẹ̀rọ á kó o, gbogbo téèpù tó bá tẹ̀ lé e lọ́jọ́ yẹn ni á fi ràn.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Rọ́bà inú U-matic tó ti wà nílẹ̀ láti 1980-nǹkan máa ń yọ́ di ọ̀dà. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó fi téèpù sí i, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí kò níláárí. Isopropyl alcohol tó jẹ́ 99% ni kí ẹ fi nu orí ẹ̀rọ, pẹ̀lú aṣọ tí kì í tú òwú. Lílì tó ń yí, ohun róbótó tí orí ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, ẹ di aṣọ mú jẹ́ẹ́ kí ẹ máa fọwọ́ yí lílì gba abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá nù ún sókè-sódò, ẹ ó ṣẹ́ orí rẹ̀, orí tuntun kò sì sí lọ́jà mọ́. Òwú tí wọ́n fi ń ro etí kò dáa fún un, okùn rẹ̀ máa ń há síbẹ̀.

Iná wá ńkọ́? Tí NEPA bá mú un lọ nígbà tí téèpù ń yí, okùn á wà ní wíwé mọ́ lílì nínú ẹ̀rọ, tí iná bá sì dé lójijì pẹ̀lú agbára tó ga, ẹ̀rọ lè fà á já kó tó tú u sílẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ téèpù sára jẹnẹrétọ̀ tààrà. Ẹ fi sára UPS tàbí ínfátà tó ń gbé iná tó mọ́ jáde, tó lè gbé ẹ̀rọ méjì àti kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ lè parí téèpù tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe jù ni dídà á kọ. Okùn tó wà nínú téèpù kì í yí déédéé rárá; ìlà kan á yá, èkejì á pẹ́, ìdí nìyẹn tí òpó ilé fi ń jó nínú àwòrán àtijọ́. Ẹ̀rọ TBC ló ń tún un tò kí kọ̀ǹpútà tó gbà á, láìsí i, kọ̀ǹpútà á máa fo àwòrán, ohùn á sì yà kúrò lára ẹnu. Sony BVW-75P ní TBC nínú. VHS àti ọ̀pọ̀ U-matic nílò tìta. Ti Betacam, ẹ lo wáyà component mẹ́ta, ẹ má lo ẹyọ kan ṣoṣo aláwọ̀ òfeefèé tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọ̀ gbọrọgbọrọ tó wà níbẹ̀rẹ̀ téèpù pẹ̀lú ohùn "píì" rẹ̀, ẹ má fò ó: òun ni ẹ ó fi ṣètò ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti bí ohùn ṣe ń ga tó.

Ojúlówó ẹ̀dà yẹ kó jẹ́ 720×576, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, 10-bit, FFV1 (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún àwòrán pọ̀) nínú Matroska (irú fáìlì tó ń gbé e), ohùn 48 kHz. Wákàtí kan láìfún un á gba nǹkan bíi gígábáìtì 100. FFV1 á fún un wá sí nǹkan bí 40 láìsọ ẹyọ kan nù. Ẹ wá ti ara rẹ̀ ṣe MP4 kékeré, gígábáìtì 2 fún wákàtí kan, fún wíwò àti fún ìtàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. MP4 nìkan kò tó. A ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe MP4 tán, tí wọ́n sì kó téèpù dànù. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí kò lè di ohun tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ láé. Ẹ má fa àwòrán 4:3 gbòòrò kó lè kún tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, gbogbo ojú á kàn wú ni. Ẹ má lẹ àmì iléeṣẹ́ tuntun mọ́ ojúlówó. Ẹ má da ohùn méjèèjì pọ̀: lórí téèpù ìròyìn, ohùn akọ̀ròyìn sábà máa ń wà ní ọ̀nà kan, ariwo ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ní ọ̀nà kejì, ariwo yẹn gan-an sì ni òpìtàn máa fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 400 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 30, wákàtí 200 nìyẹn. Ní FFV1, tẹ́rábáìtì 8. Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kó wà, ọ̀kan níbòmíràn tí kì í ṣe ilé kan náà, nítorí náà tẹ́rábáìtì 24. Téèpù kì í yára ju bó ṣe ń yí lọ. Ẹni kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó bá rí wákàtí mẹ́rin dà kọ lójúmọ́ gbìyànjú, nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 50 ni yóò gbà á. Kì í ṣe owó tó lè ba iléeṣẹ́ jẹ́. Ẹ máa ṣe checksum (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tó máa ń yí padà bí fáìlì bá bàjẹ́) fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, torí háádì náà máa ń kú.

Ọ̀rọ̀ òfin: ẹ pín ṣẹ́ẹ̀fù yín sí méjì. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ olóòtú aládàáni ló ń ra àkókò lọ́wọ́ yín tó ń gbé téèpù tirẹ̀ wá. Àwọn ló ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe iléeṣẹ́. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé jáde, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín fún 50 ọdún láti ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ lè gbà á là lónìí, kí ẹ wá jíròrò nípa títà lẹ́yìn ọ̀la. Ilé ìpamọ́ fíìmù, fídíò àti ohùn ti orílẹ̀-èdè wà ní Jos, ẹ̀dà kan lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ ẹ̀tọ́ yín nù.

Ìdí tí a fi ń kánjú ni ètò tó ń yí gbígbé tẹlifíṣọ̀n sáfẹ́fẹ́ kúrò ní ti àtijọ́ sí díjítà. Láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, tó sì dé Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, iléeṣẹ́ mìíràn ló ń bá yín gbé ohùn àti àwòrán lọ sí ilé àwọn èrò. Òpó yín kò ní pẹ́ di irin àlòkù, ilé tí ẹ kó ẹ̀rọ sí á di ohun tí ẹ lè tà tàbí fi háyà. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbá irú ilé bẹ́ẹ̀ ni téèpù máa ń lọ, àti àwọn ìwé tó bá a rìn: ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó jáde lójoojúmọ́, ìwé iye owó ìpolówó, lẹ́tà àṣẹ NBC àkọ́kọ́. Ẹ ya fọ́tò ìwé wọ̀nyí náà. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ni yóò sọ ohun tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ ti bọ́. Àwọn tó ya àwòrán náà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ẹ pè wọ́n wá wò ó nígbà tí ẹ bá ń dà á kọ. Àwọn ló mọ ojú olóṣèlú tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún.

Ẹni tí kò lówó yàrá pàtàkì, kó yan yàrá kan tí kò ní fèrèsé sí ojú oòrùn, kí ẹ́síì wà níbẹ̀ ní nǹkan bíi 20 dígírì, kí ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin mú un wá sí 30 sí 40%. Kásẹ́ẹ̀tì yẹ kó dúró bí ìwé, kí ó má sùn léra wọn, kí okùn wà ní yíyí dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó jìnnà sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti ẹ̀rọ amúnádọ́gba. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, torí òjò. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ má ṣí i sílẹ̀.

Ẹ má dá ra ẹ̀rọ U-matic fúnra yín. Iléeṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó lè dáwó jọ ra méjì, kí wọ́n fi èkejì ṣe ohun tí wọ́n ń yọ ara rẹ̀ fi tún àkọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n sì máa gbé e káàkiri. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ẹ rán ẹnìkan lọ sí yàrá yẹn lọ́sẹ̀ yìí kó ka iye U-matic, iye Betacam, iye DV àti iye VHS, kó kọ èyí tó bu sọ́tọ̀. Iye yẹn ni ẹ ó fi mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ nílò àti iye háádì tí ẹ ó rà.

Àwa ni tiyín,
Àwa atúnẹ̀rọṣe àti olùtọ́jú téèpù.